Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ìkànìyàn Àtijọ́ Wá Ìdílé Yín Kàn ní Èkìtì

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé: "Ọ́fíìsì wo ni mo lè lọ, ní Adó tàbí ní Àbújá, tí wọ́n á ti fi ìwé ìkànìyàn tí orúkọ bàbá bàbá mi wà nínú rẹ̀ hàn mí?" Ẹni tó bi mí kẹ́yìn jẹ́ mọ̀lẹ́bí wa kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti rí bí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣe ń tẹ orúkọ ìyá ìyá wọn sórí kọ̀ǹpútà, tí ìwé ìkànìyàn 1921 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á sì jáde, tòun ti ọjọ́ orí, iṣẹ́, àti orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ilé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbà pé ti Èkìtì náà á wà níbì kan. Òótọ́ tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà kí ẹ tó náwó ọkọ̀: kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ará ìlú lè lọ yẹ̀ wò ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, ìkànìyàn wúlò fún wa gan-an, bí a bá mọ ọ̀nà tí à á gbà lò ó.

Ohun tó wà nínú ìkànìyàn wa, àti ohun tí kò sí níbẹ̀

Ìjọba àwọn òyìnbó ka ènìyàn ní 1911, 1921 àti 1931. Ní agbègbè bíi tiwa, kì í ṣe pé akọ̀wé ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń kọ orúkọ. Ìṣirò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 1931, ìwé owó orí ni wọ́n ṣí wò ní ọ̀pọ̀ ibi ní Gúúsù, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọ́n fi ṣírò iye ènìyàn. Ti 1941 kò wáyé rárá nítorí ogun Hitler. Nígbà tí wọ́n tún máa kà, apá kọ̀ọ̀kan orílẹ̀-èdè ní àsìkò tirẹ̀. Ti Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí Èkìtì wà nígbà náà, bọ́ sí ìparí 1952 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1953. Wọ́n ka ti 1962, ìjà dé, wọ́n fagi lé e, wọ́n tún un kà ní November 1963. Wọ́n fagi lé ti 1973 náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ló wá kan ti November 1991 àti ti March 2006.

Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú gbogbo èyí kò ju iye lọ: ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, ọmọdé mélòó, mélòó ló mọ̀wé, mélòó ló ń dáko, mélòó ni Kìrìsìtẹ́nì, mélòó ni Mùsùlùmí. Ti 2006 kò tiẹ̀ béèrè ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà. Ní ti fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ orúkọ ènìyàn sí, òfin kò gbà kí àjọ ìkànìyàn fi ti ẹnì kan han ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó kí òun bá yín yọ fọ́ọ̀mù 1963 ti ilé yín jáde, ẹ má ṣe san án.

Orúkọ tí ẹ ń wá wà níbòmíràn: lẹ́nu àgbà, nínú àpótí, nínú ìwé ìrìbọmi, nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, nínú ìwé owó orí, nínú ìwé kóòtù. Ìkànìyàn ni èèkàn tí ẹ máa so gbogbo wọn mọ́. Àgbàlagbà tí kò mọ ọdún tí wọ́n bí i mọ ibi tó wà lọ́jọ́ tí wọ́n wá kà á, torí wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé, ọ̀pọ̀ tó wà lóko tàbí lẹ́yìn odi ló sì padà wálé kí wọ́n lè kà wọ́n mọ́ ìlú wọn. Lórí ìrántí yìí ni mo gbé gbogbo iṣẹ́ mi kà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì kọ gbogbo orúkọ

Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ orúkọ yín, ti òbí yín, ti òbí àwọn òbí yín. Ibi tí ọwọ́ yín bá ti dúró ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, orúkọ kan kò tó. Ẹ kọ orúkọ àbísọ, orúkọ àmútọ̀runwá, oríkì, orúkọ ìrìbọmi, ìnagijẹ, àti orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé fi ń pè é. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ó máa fún un ní tirẹ̀ ni, orúkọ yẹn ló sì máa ń pẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ. Mo ti rí ọkùnrin kan tó jẹ́ ènìyàn mẹ́ta lórí ìwé mi fún odidi ọdún kan, kí n tó mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni.

Orúkọ fúnra rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀. Bí Babátúndé bá wà nínú ilé, bàbá àgbà kan ti kú ṣáájú kí wọ́n tó bí i. Bí Yétúndé bá wà, ìyá àgbà kan ti lọ. Bí ẹ bá rí Ìdòwú tí kò sí ìbejì níwájú rẹ̀, ẹ rọra béèrè àwọn ìbejì náà: ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kú ní kékeré, kí ẹnikẹ́ni má sì ti dárúkọ wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ béèrè jẹ́jẹ́. Ìyá tó sin ìbejì ní ọdún 60 sẹ́yìn ṣì jẹ́ ìyá wọn.

Ẹ ṣọ́ra fún "bàbá mi" àti "ẹ̀gbọ́n mi". Lẹ́nu wa, àbúrò bàbá ẹni, bàbá ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni tó jù wá lọ, ẹ̀gbọ́n ni. Ọ̀wọ̀ ni, kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè sọ ìran yín dà rú lórí ìwé. Ìbéèrè méjì ló máa ń gbà mí: "Ṣé ìyá kan náà ló bí yín?" àti "Ta ni bàbá rẹ̀ gan-an?" Ìyekan (ọmọ ìyá kan náà) yàtọ̀ sí ọbàkan (ọmọ bàbá kan náà), kí ẹ sì fi hàn lórí ìwé. Ní ilé olórogún, ìdí-igi ni kí ẹ fi pín in: ìyàwó kìíní àti àwọn ọmọ rẹ̀ lápá kan, ìyàwó kejì lápá kejì. Bí wọ́n ṣe ń pín ogún nìyẹn, bí àwọn àgbà sì ṣe ń rántí nìyẹn.

Orúkọ ìdílé, èyí tí a ń kọ sẹ́yìn orúkọ wa, kò pẹ́ láàrin wa rárá. Ọmọ bàbá kan náà lè fi orúkọ bàbá ṣe tirẹ̀, àbúrò rẹ̀ a fi ti bàbá àgbà ṣe é, ẹ̀kẹta a mú orúkọ oyè. Àwọn mìíràn yọ Ifá tàbí Ògún kúrò nínú orúkọ wọn nígbà tí wọ́n gbàgbọ́, tí Fámúyìíwá fi di Olúmúyìíwá. Ẹ kọ méjèèjì síbi kan náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣe ìwé ìkànìyàn tiyín fún 1963

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ lo àkókò yín sí jù.

Ẹ fa ìlà sórí bébà ńlá kan bí fọ́ọ̀mù ìkànìyàn. Lókè, ẹ kọ: "Ilé wa, November 1963." Lẹ́yìn náà, ẹ fa ojú ìwé sí ọ̀nà wọ̀nyí: orúkọ, ohun tí wọ́n ń pè é nínú ilé, ọmọ ta ni, ìdí-igi wo, ibi tí wọ́n ti bí i, ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà náà, bó tiẹ̀ jẹ́ ìdíwọ̀n, iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, ó mọ̀wé tàbí kò mọ̀wé, yàrá tó ń sùn. Mo fi ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà kún un ní ìgbẹ̀yìn, àti ọjọ́ tó sọ ọ́.

Yàrá ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá jókòó ti àgbàlagbà tí ẹ ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ta ni gbogbo ẹni tó wà nílé nígbà náà?", ó máa dárúkọ márùn-ún, á ní ó ti rẹ òun. Bí ẹ bá mú un wọ inú ilé náà lọ, nǹkan mìíràn ni ẹ máa gbọ́.

Mo mú ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, lọ sí ilé àtijọ́ wa ní Ìkẹ́rẹ́. Ilé amọ̀ ni, páànù rẹ̀ ti pọ́n bí osùn, apá ẹ̀yìn ti wó lulẹ̀. Yèyé dúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka. "Èyí ọwọ́ ọ̀tún yìí, bàbá wa ni. Èyí tó tẹ̀lé e, ti ìyàwó àgbà. Èmi àti ìyá mi wà ní ibí yìí, àwa mẹ́rin la ń sùn lórí ẹní." Ó rìn síwájú díẹ̀, ó dúró níwájú yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé. "Iṣu la máa ń kó síbẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ yẹn ló ń sùn lórí iṣu náà." Mo ní, "Ọmọ wo, Yèyé?" Ó wò mí bí ẹni pé ó yẹ kí n ti mọ̀. "Ọmọ àbúrò bàbá wa tí wọ́n fẹ́ lọ sí Ọ̀tùn."

Ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn bóyá bàbá bàbá mi ní àbúrò obìnrin, wọ́n ní kò ní. Ẹnikẹ́ni kò parọ́ fún mi. Obìnrin náà ti lọ sílé ọkọ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó ń ka ọmọbìnrin tó ti lọ sílé ọkọ mọ́ ilé. Yàrá iṣu ló fi í hàn mí. Láti Ọ̀tùn ni mo ti wá rí apá kan ìdílé wa tó tó 40 ènìyàn.

Bí ilé náà bá ti wó, ẹ mú igi, ẹ fi ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àgbà, kí ó máa tún un yà fún yín. Ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ tọrọ àyè kọ́kọ́. Ẹ má ju wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí ti 1963 bá kún, ẹ ṣe ti 1952 pẹ̀lú àwọn tó dàgbà jù, lẹ́yìn náà ti 1991, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín lè rántí. Ẹ tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tó wà ní 1952 tí kò sí ní 1963, ó ti kú ni, tàbí ó ti relé ọkọ, tàbí ó ti lọ sí oko kòkó. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì ló lọ dá oko kòkó sí ilẹ̀ Oǹdó àti Ifẹ̀, tí abà wọn sì di ìlú níbẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ abà náà. Àwọn ọmọ tó kù síbẹ̀ máa ń mọ ìtàn tí àwọn ará ilé ti gbàgbé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ so ọjọ́ orí mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀

Ẹ má béèrè pé "Ọdún wo ni wọ́n bí yín?" Ẹ béèrè pé, "Nígbà tí nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀, ṣé ẹ ti ń rìn? Ṣé ẹ ti ń pọnmi? Ṣé ẹ ti lọ́kọ?" Àwọn èèkàn tí mo máa ń lò ní Èkìtì nìyí. Ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, àwọn ọmọ ogun kò sì túká tán títí di 1893. Àjàkálẹ̀ àrùn tó pa ènìyàn káàkiri ayé wáyé ní 1918. Ìsọjí Àpọ́sítélì Babalọlá bẹ̀rẹ̀ ní 1930, ó sì gba Ẹ̀fọ̀n Aláayè kan. Wọ́n dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó ní 1933. Èwí Aládésanmí Kejì jọba ní 1937, ó wà lórí oyè títí di 1983. Òṣùpá bo oòrùn lójú ní May 20, 1947. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní January 1955. Òmìnira dé ní 1960. A kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lójú títì ní April 1972, náírà sì dé ní January 1973.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn wúlò jù fún àwọn tí wọ́n bí láàrin 1945 sí 1950. Wọ́n máa ń ní kí ọmọ gbé apá gba orí kọjá, kí ọwọ́ rẹ̀ kan etí kejì, kí wọ́n tó gbà á sí kíláàsì kìíní. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan etí ní 1955, tó wá wọlé ní 1956, ẹ ti mọ bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe sún mọ́ ní tòótọ́. Ẹ má fọkàn tán ọjọ́ ìbí tó wà nínú ìwé ìbúra ọjọ́ orí. Ọ̀pọ̀ ló búra nígbà tí wọ́n ń wáṣẹ́, ọjọ́ orí ìjọba sì yàtọ̀ sí ti ìyá ẹni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣí àpótí

Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni àpótí, kí ẹ jókòó ti òun fúnra rẹ̀, kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé nǹkan jáde. Ohun tí ẹ ń wá ni: rìsíìtì owó orí, káàdì owó ìjọ, ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó, lẹ́tà, ìwé ilẹ̀, fọ́tò tí wọ́n kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìwé ètò ìsìnkú, àti kàlẹ́ńdà olóògbé. Ìwé ètò ìsìnkú dára gan-an fún orúkọ ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ń bá jà lọ́sẹ̀ ìsìnkú kì í sí níbẹ̀.

Nínú Bíbélì ìyá bàbá mi, láàrin Sáàmù, ni mo ti rí rìsíìtì owó orí 1948. Wọ́n ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin, ojú ṣíṣẹ́ rẹ̀ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ó ń rùn káńfọ̀. Akọ̀wé ti fi pẹ́ńsù aláwọ̀ àlùkò kọ orúkọ, àdúgbò, àti iye ṣílè. Orúkọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe orúkọ tí à ń jẹ́ lónìí. Orúkọ àbísọ bàbá bàbá mi ni, lẹ́yìn rẹ̀ orúkọ bàbá tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ rí. Bébà kékeré tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi mú wa gun ìran kan sókè.

Owó orí ṣe pàtàkì fún ìdí mìíràn. Ọ̀dọ̀ olórí àdúgbò àti baálé ni gbígba rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà orúkọ àwọn ará agboolé kan náà máa ń tẹ̀ léra wọn nínú ìwé rẹ̀, níbi tí ó bá ṣẹ́kù. Ẹ máa ka orúkọ tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ti bàbá yín. Wàhálà rẹ̀ ni pé ọkùnrin tó ti dàgbà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ìyá wa kò sí. Fún tiwọn, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ilé-ẹ̀kọ́, ìwé kóòtù

Ẹ lọ bá àlùfáà tàbí akọ̀wé ìjọ, ẹ mú orúkọ àti ọdún tí ẹ fojú sùn dání, kí ẹ má kàn sọ pé ẹ fẹ́ wo gbogbo ìwé. Nínú ìwé ìrìbọmi àtijọ́, ẹ máa ń rí orúkọ tuntun, orúkọ ilé, orúkọ òbí, àdúgbò, àti àwọn òbí ìrìbọmi. Ẹ kọ ti àwọn òbí ìrìbọmi náà, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Àgbàlagbà tó ṣe ìrìbọmi lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ pọ̀ ní ìgbà ìsọjí, ìyá àti ọmọ lójú ìwé kan. Níbẹ̀ ni orúkọ ìyá ìyá wa máa ń hàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn ìwé àtijọ́ ti CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà) kan wà ní National Archives, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba, ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ sì wà ní Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti pẹ́ máa ń ní ìwé ìgbàwọlé: orúkọ ọmọ, orúkọ alágbàtọ́, ìlú, ọjọ́ tó wọlé. Alágbàtọ́ kì í ṣe bàbá nígbà gbogbo. Ọmọ télọ̀ yẹn, bàbá bàbá mi ni wọ́n kọ fún un.

Ní ti kóòtù ìbílẹ̀, ẹjọ́ ilẹ̀ ni kí ẹ wá. Ẹni tó bá fẹ́ fi hàn pé ilẹ̀ jẹ́ ti bàbá òun ní láti ka ìran rẹ̀ níwájú adájọ́, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó títí dé orí òun, akọ̀wé á sì kọ ọ́. Ẹ rántí pé ẹni tó fẹ́ jàre ló ń sọ̀rọ̀. Bí ilé yín bá jẹ́ ilé oyè, ẹ béèrè ìwé tí ìjọba fi kọ àwọn ilé tó ń jẹ oyè náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin oyè 1957 ti Ìwọ̀-Oòrùn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìbàdàn

National Archives wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn, ló darí iṣẹ́ kíkó àwọn ìwé ìjọba àtijọ́ jọ, ọ́fíìsì náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Ẹ kọ́kọ́ pè tàbí kí ẹ rán ẹnì kan lọ béèrè ohun tí wọ́n ń gbà àti iye owó, torí ó máa ń yí padà. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀, lẹ́tà tó ṣàlàyé ohun tí ẹ ń wá, àti pẹ́ńsù. Báírò kò dára nítòsí ìwé àtijọ́. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò.

Lọ́hùn-ún, ẹ máa kọ́kọ́ wo ìwé tó to àwọn fáìlì lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ yan nọ́ńbà, kí wọ́n tó lọ gbé e. Àmì tó kàn wá ni "Ekiti Div" (ìwé ọ́fíìsì Ekiti Division) àti "Ondo Prof" (ìwé ọ́fíìsì Ondo Province), torí inú Ondo Province, tí olú rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́, ni Èkìtì wà. Ẹ wo "CSO 26" (ìwé ọ́fíìsì Chief Secretary ìjọba òyìnbó) pẹ̀lú, fún ìròyìn tí àwọn òyìnbó kọ nípa ìlú wa ní àwọn ọdún 1930: àdúgbò, oyè, ìtàn ibi tí wọ́n ti ṣí wá. Ẹ má retí orúkọ gbogbo ará ilé. Ẹ̀dùn ọkàn àti ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ará ìlú kọ sí ìjọba, àwọn tó fọwọ́ sí i tàbí tẹ̀ka sí i, ibẹ̀ ni orúkọ ti ń pọ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ìlú wa lè mú yín ṣìnà. Ní ọ́fíìsì kan, mo béèrè fáìlì Ikere, wọ́n ní kò sí. Ọjọ́ kejì ni mo béèrè "Ikerre". Ẹ wá "Effon Alaiye" fún Ẹ̀fọ̀n, "Aiyede" fún Ayédé. Orúkọ tí àwa ń fi U bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu Èkìtì, bí a ṣe ń pe ilé ní ulé, akọ̀wé tó wá láti ibòmíràn lè ti fi I kọ ọ́. Kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́. Ẹ ka orúkọ náà sókè kí ẹ tó sọ pé kì í ṣe tiyín.

Bí ẹnì kan nínú ìran yín bá ti kúrò nílé

Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún kó ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì lẹ́rú. Àwọn tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n kó lọ sí Freetown, wọ́n kọ orúkọ wọn, ọjọ́ orí wọn àti gíga wọn. SlaveVoyages, ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì nípa òwò ẹrú, ní orúkọ irú wọn tó ju 90,000 lọ. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Òjó tó wà níbẹ̀ kì í ṣe Òjó yín nítorí pé orúkọ bára mu.

Bí bàbá tàbí ìyá kan bá lọ kàwé lókè òkun láyé àtijọ́, níbẹ̀ ni ìkànìyàn ti lè fún yín ní orúkọ. England àti Wales ṣí ti 1921 ní January 2022. Iná jó ti 1931 wọn ní 1942, wọn kò ka 1941, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi kọ orúkọ gbogbo ará ìlú ní September 1939 wà. Ti Amẹ́ríkà ti 1950 náà ti ṣí láti April 2022.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn: ẹ ka á sí àwọn àgbà létí

Ọ̀rọ̀ kan kì í di òtítọ́ lórí ìwé mi àfi bí mo bá rí i láti ọ̀nà méjì tí kò mọ ara wọn: ẹnu àgbà àti rìsíìtì, tàbí ìwé ìrìbọmi àti ohun tí wọ́n kọ sí ibojì. Èyí tí mo rí lẹ́ẹ̀kan, pẹ́ńsù ni mo fi ń kọ ọ́. Bí ìtàn méjì bá takora, mo máa ń kọ méjèèjì, mo sì máa ń kọ ẹni tó sọ ọ́.

Ẹ máa bá ohun tó ń dunni pàdé: ìwọ̀fà, ẹrú tó di ọmọ ilé, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń pè. Mo máa ń béèrè lọ́wọ́ àgbà bóyá kí n kọ ọ́, kí n má kọ ọ́, tàbí kí n kọ ọ́ pamọ́. Ohun tí wọ́n bá sọ ni mo ń ṣe. Ẹ má ju orúkọ ẹni tó ṣì wà láàyè sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ṣe ẹ̀dà kan fún ìdí-igi kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya gbogbo bébà ní fọ́tò, kí ẹ sì dá ti gidi padà sínú àpótí tí ẹ ti mú un.

Nígbà tí mo parí ti 1963, mo kà á fún Yèyé láti òkè dé ilẹ̀. Orúkọ 19 ló wà níbẹ̀. Ó ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Ó ku ẹnì kan." Mo ní, "Ta ni, Yèyé?" Ó ní, "Àbúrò mi tó wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà. Mo pọ̀n ọ́n. Ọkùnrin tó wá kà wá béèrè orúkọ rẹ̀, ìyá mi ní a ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Kò pé ọjọ́ mẹ́jọ." Ó dúró díẹ̀, ó wá sọ orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ fún mi. Mo kọ ọ́ sí ìlà 20.